Ṣọ́ọ̀kì Lórí Pákó

Ìwẹ̀ ló ṣáájú, Euphemia Tosh wí fún mi,
nínú yàrá rẹ̀ ní àjà kẹta, ní ìlú Dundee,
níbi tí atẹ́gùn odò Tay ti ń gbá fèrèsé létí.
Má gbé òórùn búrẹ́dì tí o yan lánàá wọ inú ìlà mi.
Bu iyọ̀ sómi, kí o wẹ̀.
Gbálẹ̀, kí o tún un gbá.
Ẹni tí a fẹ́ pè kò kórìíra ìdọ̀tí;
ìwọ ni ìdọ̀tí yóò máa pè.

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀ rí,
ogójì ọdún ló fi rán kọ́tìnnì fún àwọn olówó.
Ọ̀bẹ ètùtù rẹ̀, ọ̀bẹ tí ó fi ń tú ojú rírán ni.
Ife rẹ̀, ife tí ọkọ rẹ̀ gbà
lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté na àwọn ọlọ́pàá ní bọ́ọ̀lù.
Ọ̀pá àṣẹ rẹ̀, igi ìwọnsọ, nọ́ńbà ṣì wà lára rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.
Ó ní, ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti ogójì ọdún
kì í bi ọwọ́ ní ìbéèrè lóru.

Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún kẹ́kẹ́,
ó so òwú mọ́ ìṣó kan láàárín pákó,
ó fà á le, ó fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ yí i ká.
Ìlà náà wọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó ní kò burú, ṣáà ti jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pàdé.

Ìlà-oòrùn, mítà gáàsì.
Ìwọ̀-oòrùn, bẹ́ẹ̀dì.
Àríwá, ògiri tí Lorimer ti ń wúkọ́.
Ìwé ní iná ló ń gbé gúúsù,
àmọ́ odò ló wà ní gúúsù Dundee,
odò fífẹ̀, eérú lára, tútù bí ojú ẹni tó jẹni lówó.
Mo bi í léèrè. Ó tan àbẹ́là síbẹ̀.
Pe iná, ó ní. Kí odò náà gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan.

Má pariwo orúkọ.
Jẹ́ kí egungun ìhà rẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ
kí etí rẹ tó gbọ́.
Mo gbìyànjú. Lorimer fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri,
ó ní ṣé màlúù ni wọ́n ń pa níbẹ̀ ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbàgbé láti dágbére fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Mo ti dé òpópónà, yìnyín ń já lù mí lórí,
ló bá yọrí lójú fèrèsé:
Padà wá! Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ní í tì í.
Bóyá wọ́n wá, bóyá wọn ò wá,
àlejò tí a kò rí náà, à ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.
Mo gun àkàsọ̀ àjà mẹ́ta
láti kí yàrá òfìfo pé ó dàárọ̀.

Wọ́n sin ín ní Túsìdeè.
Onílé ní kí n kó ẹrù rẹ̀ kí Fúráìdeè tó pé.
Mo wẹ̀. Mo gbálẹ̀. Mo tún un gbá.
Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán.
Mo pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, odò àti iná,
mo dúró títí àbẹ́là fi dé ìdí,
mo dágbére fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo nu ṣọ́ọ̀kì kúrò.
Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, níbi tó ti kà á léèwọ̀ pé kí n purọ́:

Aago mẹ́ta òru. Yìnyín. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.
N kò rí nǹkan kan.

Láti ẹ̀yìn ògiri, Lorimer kàn án,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn.

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.